Èrò Abẹ́nú Nínú Ìbéèrè Ìdánwò Ìrònú: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Dá A Mọ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí ni ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ronú lórí ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé, nítorí pé ó sọ ní ṣókí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ láti yí ẹlòmíràn lérò padà. Olùsọ̀rọ̀ kì í ka gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ tán. Yóò sọ àbọ̀, olùgbọ́ yóò sì fi àbọ̀ yòókù kún un fúnra rẹ̀. Láàárín ọmọlúwàbí méjì tí wọ́n jọ mọ ìtàn ara wọn, kò sí ewu nínú èyí. Nínú yàrá ìdánwò, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí a gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ń bi í pé: èwo ni àbọ̀ tí olùsọ̀rọ̀ kò sọ? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi àbọ̀ ti inú ara rẹ̀ dáhùn, ó kùnà. Bí ó bá wá jẹ́ pé olùkọ́ tí ó ṣe ìbéèrè ni ó fi àbọ̀ ti inú ara rẹ̀ ṣe ìdáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ronú dáadáa gan-an ni yóò kùnà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé iṣẹ́ yìí nìyẹn, a ó sì sọ ọ́ láìfi bò.

Irú ìbéèrè báyìí kì í ṣe tuntun. Ó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò LSAT, tí àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti ọdún 1948. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, tí wọ́n ti yọ abala tí ó jẹ mọ́ àlọ́ ìṣètò kúrò nínú ìdánwò náà, ìrònú ni ó gba méjì nínú àwọn abala mẹ́ta tí wọ́n ń fún ní máàkì. Ìdánwò Watson àti Glaser, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò láti fi yan òṣìṣẹ́, ya odindi abala kan sọ́tọ̀ fún un: wọ́n á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á to èrò mélòó kan sí abẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe ìdánwò yóò sì sọ bóyá olùsọ̀rọ̀ ti gba èrò kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òótọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, tàbí kò gbà á. Nínú kíláàsì Yorùbá tiwa, abẹ́ àyọkà ni a ti máa ń bá a pàdé, nígbà tí a bá béèrè pé, "Kí ni òǹkọ̀wé gbà pé ó jẹ́ òótọ́ láìsọ ọ́ jáde?" Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó máa ń fo ìbéèrè yìí. Àwọn tí kò fò ó máa ń kọ ohun tí àwọn fúnra wọn gbà gbọ́.

Kí ni èrò abẹ́nú?

Kí a tó lè dá a mọ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ń gbé. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń ti nǹkan lẹ́yìn ní àwíjàre. Ohun méjì ni ó máa ń hàn nínú àwíjàre: ẹ̀rí, àti ìkádìí tí olùsọ̀rọ̀ gbé ka orí ẹ̀rí náà. Ohun kẹta ni kì í hàn, òun sì ni afárá láàárín méjèèjì. Òun ni a pè ní èrò abẹ́nú. A kò pè é ní èrò àfipamọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fi nǹkan pamọ́ mọ̀ pé òun fi í pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùsọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé èrò náà wà nínú òun.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kékeré kan. Ẹnì kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò, ó bá a ní títì, ó ní: "Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà ní títì. Ó ti rìnrìn àjò nìyẹn." Ẹ̀rí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí ó tì. Ìkádìí rẹ̀ ni ìrìn àjò. Wọ́n kò sọ̀rọ̀ ìrìn àjò nínú ẹ̀rí rárá. Inú ìkádìí ni ó ti yọjú bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ àjèjì bá yọ nínú ìkádìí báyìí, kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró, kí ó béèrè ẹni tí ó mú un wọlé. Èrò abẹ́nú ni: ní tòótọ́, ẹni yìí gbà pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè mú kí télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn. Ó lè jẹ́ ìsìnkú. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò mú iná wá láti àárọ̀, tí baba náà sì lọ sùn, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì ní ìlú wa.

Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, ti tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀nà ọ̀rọ̀ sísọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní bí a bá fẹ́ fi hàn pé Dorieus gba adé, ó tó kí a sọ pé ó borí nínú eré ìdíje Olympia. Kò sí ìdí láti fi kún un pé adé ni ẹ̀bùn ibẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé òótọ́ ni èrò abẹ́nú inú àpẹẹrẹ yìí. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń rò pé àṣìṣe tàbí ẹ̀tàn ni gbogbo èrò abẹ́nú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ láìní in. Ní ọdún 1958, Stephen Toulmin fi í wé ìwé àṣẹ: òun ni ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ibi ẹ̀rí kọjá sí ibi ìkádìí. Àwọn ìwé àṣẹ kan dára, àwọn mìíràn jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n a kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ ayédèrú bí a kò bá kọ́kọ́ gbà á wò.

Àwọn tí ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè béèrè bóyá èrò abẹ́nú yàtọ̀ sí ohun tí ìhun gbólóhùn fúnra rẹ̀ gbà tẹ́lẹ̀. Ó yàtọ̀. Bí a bá fi gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ sọ pé, "Adé ni ó jí owó náà," a ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan jí owó. Bí a bá yí i sódì pé, "Kì í ṣe Adé ni ó jí owó náà," a ṣì gbà pé ẹnì kan jí i. Irú ìgbà-tẹ́lẹ̀ yìí ń gbé inú gbólóhùn kan ṣoṣo, ìyísódì gbólóhùn náà kò sì lè lé e jáde. Èrò abẹ́nú ní tirẹ̀ ń gbé àárín gbólóhùn méjì, ìyísódì ni a sì fi ń wá a rí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ìbéèrè tí ó dá wa lẹ́jọ́

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a fi ìbéèrè yìí sínú ìdánwò ìparí sáà fún àwọn olùkọ́-lọ́la tí wọ́n wà ní ọdún kejì:

Ilé-ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò. Ní ìparí ọdún, máàkì ìṣirò àwọn ọmọ náà ga ju ti àwọn tí ó wà ní kíláàsì kẹta ní ọdún tí ó ṣáájú lọ. Nítorí náà, fífi Yorùbá kọ́ wọn ni ó gbé máàkì wọn sókè. Èrò wo ni àwíjàre yìí gbára lé?
(a) Gbogbo ọmọ kíláàsì náà ni ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.
(b) Kì í ṣe ìrọ̀rùn ìdánwò ọdún náà ni ó gbé máàkì sókè.
(d) Èdè abínibí ni ó dára jù lọ láti fi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́.
(e) Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ràn èdè Yorùbá.

Ìdáhùn tí a kọ sínú ìwé àmì ìdánwò ni (d). A kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a ti ń wí láti ọdún tí a ti ń kọ́ni ni, ohun tí a sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni. Ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mú (d), nítorí pé ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn kan mú (a). Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mú (b), a sì fa igi lé e.

Lẹ́yìn tí èsì jáde, ọmọbìnrin kan lára àwọn díẹ̀ wọ̀nyí wá sí ọ́fíìsì wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín lórí nọ́ńbà kejìdínlógún." A ní kí ó dìde, kí ó sọ ọ́. Ó ní, "Sà, bí èdè abínibí kò bá dára fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ṣé máàkì ìṣirò àwọn ọmọ yẹn á tìtorí ẹ̀ wálẹ̀ ni?" A dá a lóhùn pé kí ó lọ tún ìwé rẹ̀ kà. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àwíjàre inú ìbéèrè wa kò sọ̀rọ̀ kọjá kíláàsì kan, iṣẹ́ kan àti ọdún kan. Ìdáhùn (d) sọ̀rọ̀ nípa gbogbo iṣẹ́. Bí èdè abínibí bá dára fún ìṣirò nìkan, tí kò sì dára fún iṣẹ́ mìíràn kankan láyé, ìkádìí náà ṣì lè dúró ṣinṣin. Kò gbára lé (d) rárá. Ohun tí ó gbára lé ni pé kò sí ohun mìíràn tí ó gbé máàkì náà sókè, ìdánwò tí ó rọrùn sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí ni ó gbà á. Àwa ni a kùnà.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo ti kọ̀wé ní ọdún 1986 lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "mọ̀" àti "gbàgbọ́" nínú èdè wa, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun tí ojú ẹni rí ni a ń sọ pé a mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà, a kàn gbà á gbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo ìbéèrè wa, a mọ̀ pé máàkì ga, nítorí pé ó wà nínú ìwé. A gbàgbọ́ pé Yorùbá ni ó fà á. Àárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni èrò abẹ́nú máa ń fara sin sí.

Ìyísódì gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Ọ̀nà tí ọmọbìnrin náà gbà rí àṣìṣe wa ni ọ̀nà tí àwọn tí ń kọ́ni fún ìdánwò LSAT máa ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó yí ìdáhùn sódì, ó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwíjàre. Bí àwíjàre bá wó, ó gbára lé èrò náà. Bí kò bá wó, kò gbára lé e, bí ó ti wù kí èrò náà jẹ́ òótọ́ tó.

Àwa tí a ń kọ́ gírámà Yorùbá ni ó yẹ kí ọ̀nà yìí rọrùn fún jù, nítorí pé iṣẹ́ wa ni ìyísódì. Síbẹ̀, ìyísódì níbí ní ọ̀fìn tirẹ̀, ọ̀fìn náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ bíi "gbogbo". Bí a bá sọ pé, "Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kò wá," ìtumọ̀ méjì ni ó lè ní: ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan kò wá nínú wọn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan wá, àwọn kan kò wá. "Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wá" kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ìyísódì tí a nílò fún ìdánwò ìrònú ni èyí tí ó kéré jù lọ tí ó tó láti sọ gbólóhùn náà di irọ́. Bí ọmọ ogójì bá wà ní kíláàsì, tí ọ̀kan ṣoṣo kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìdáhùn (a) ti di irọ́ nìyẹn. Ṣé àwíjàre wó nítorí ọmọ kan? Kò wó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú (a) yí i sódì ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ń rò ó pé, "Bí kò bá sí ọmọ kankan tí ó gbọ́ Yorùbá ńkọ́?" Lóòótọ́, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwíjàre á wó, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìyísódì (a), ìyísódì gbólóhùn mìíràn ni, èyí tí ó sọ pé ó kéré tán ọmọ kan gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀fìn kejì ni kí a fi ọ̀rọ̀ òdìkejì rọ́pò ìyísódì. "Ìdánwò náà le" kì í ṣe ìyísódì "ìdánwò náà rọrùn". "Kò rọrùn" ni ìyísódì rẹ̀; ohun tí kò rọrùn lè wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọ̀fìn kẹta ni ti gbólóhùn tí ó ti ní ìyísódì nínú tẹ́lẹ̀, bí ìdáhùn (b). Láti yí i sódì, ńṣe ni a ó yọ "kì í ṣe" kúrò: "Ìrọ̀rùn ìdánwò ọdún náà ni ó gbé máàkì sókè." Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkádìí wa: "Fífi Yorùbá kọ́ wọn ni ó gbé máàkì wọn sókè." Àkíyèsí alátẹnumọ́ ni méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n sì ń jà lé. Wọn kò lè jọ gbé inú ilé kan. Ní ti (e), kò sí ohun tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé a fi í kún iye lọ.

"Bí" àti "àfi bí"

Ìdí mìíràn tún wà tí olùkọ́ fi ń ṣi ìdáhùn mú. Oríṣi ìbéèrè méjì ni ó jọra lójú. Ọ̀kan ń béèrè èrò tí àwíjàre kò lè ṣe láìní. Èkejì ń béèrè èrò tí ó jẹ́ pé, bí a bá fi kún ẹ̀rí, ìkádìí yóò dájú. Èdè wa ya ìyàtọ̀ yìí sọ́tọ̀ dáadáa. "Bí iṣu bá jinná, ó ṣeé gún" sọ pé jíjinná tó. "Àfi bí iṣu bá jinná ni ó tó ṣeé gún" kò sọ pé ó tó. Ó sọ pé láìsí i, kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn jíjinná, a ṣì lè nílò odó àti ọmọ orí odó, àti ẹni tí apá rẹ̀ le.

"Èrò wo ni àwíjàre yìí gbára lé?" jẹ́ ìbéèrè "àfi bí". "Èrò wo ni yóò mú kí ìkádìí yìí dájú bí a bá fi kún un?" jẹ́ ìbéèrè "bí". Ìdánwò ìyísódì wúlò fún ti àkọ́kọ́ nìkan. Nígbà tí a padà wo (d), a rí i pé kò wúlò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwíjàre lè dúró láìsí i. Bí a bá sì fún un ní àyè, tí a gbà pé èdè abínibí ni ó dára jù fún gbogbo iṣẹ́, ó ṣì lè jẹ́ pé ìdánwò tí ó rọrùn ni ó gbé máàkì ọdún yẹn gan-an sókè. Ohun tí ó mú kí (d) fani mọ́ra ni pé ó bá ìkádìí náà ṣe ọ̀rẹ́. Ìdáhùn atannijẹ tí ó lágbára jù lọ nìyẹn: èyí tí ó dùn ún gbọ́ létí ẹni tí ó ti gba ìkádìí tẹ́lẹ̀.

Bí òwe ṣe ń ṣe é nìyẹn pẹ̀lú. Nínú àríyànjiyàn, òwe sábà máa ń gba ipò ìwé àṣẹ tí Toulmin wí. Àgbà kan yóò sọ pé ọ̀nà tí òun là sílẹ̀ ni kí a tọ̀, yóò sì fi kún un pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni èrò mìíràn wà, pé ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ wà lára ohun tí àkísà ń kọ́ ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, ó ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ bí a ṣe ń fi fóònù sanwó, ẹ jẹ́ kí a pe ọmọdé. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi òwe ṣe ìbéèrè ìdánwò gbọ́dọ̀ béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń dáhùn ohun tí àwíjàre nílò, àbí ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún òwe.

Àpẹẹrẹ kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lára ìdí tí ó sọ ni pé ìjákulẹ̀ pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ẹkùn tí lílo èdè abínibí ti gbilẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀ka Yorùbá bàjẹ́, a sì sọ̀rọ̀ kíkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e wọ kíláàsì, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa ìbínú tì, kí wọ́n tò ó bí ìbéèrè ìdánwò.

Ẹ̀rí ni ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Ìkádìí ni pé èdè abínibí ni ó fà á. Èrò abẹ́nú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé àwọn tí ó jókòó ṣe ìdánwò ni àwọn tí a fi èdè abínibí kọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́fà mìíràn ni girama kékeré àti àgbà. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún 2022 kò lè tíì kọjá kíláàsì kẹrin ní ọdún 2025. Kò ì bá ti dé ibi tí WAEC wà. Àwọn tí ó ṣe WAEC ní ọdún náà yóò ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìlànà ti ọdún 2022 kò bá wọn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbè mínísítà lẹ́yìn lè fèsì pé láti ọdún 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti fàyè gba èdè abínibí ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Èsì gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní èrò abẹ́nú tirẹ̀: pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá ti lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, tí ó rí ibi tí wọ́n ti ń ná ọmọ nítorí Yorùbá, mọ ohun tí a ń sọ.

Èrò kejì ni pé kò sí ohun mìíràn tí ó ya àwọn ẹkùn náà sọ́tọ̀ sí àwọn yòókù, kì í ṣe àìtó olùkọ́, kì í ṣe òṣì, kì í ṣe àìsí ààbò. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni ẹ̀kẹta, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ: pé ìmọ̀ iṣẹ́ náà ni ìdánwò ń wọ̀n, kì í ṣe ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ìdánwò.

Nígbà tí kíláàsì ń pàtẹ́wọ́, a ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tí kò mú ẹ̀rí tó wá sí kóòtù kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di òpùrọ́; ẹjọ́ rẹ̀ ni kò tíì dúró. Bí a bá fọ́ èrò abẹ́nú àwíjàre kan, àwíjàre ni a fọ́. Ìkádìí rẹ̀ ṣì lè jẹ́ òótọ́ láti ọ̀nà mìíràn, a kò sì tíì fi ìdí tiwa múlẹ̀. Láti fi ìdí tiwa múlẹ̀, a nílò irú iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ní kíláàsì ìfiwéra tí ó ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí ó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí kíláàsì méjì bá wà nínú ọdún kan náà báyìí, tí wọ́n sì ṣe ìdánwò kan náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìrọ̀rùn ìdánwò ni ó mú kí ọ̀kan borí èkejì. Ìlànà ìwádìí ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ó ku àwọn ilẹ̀kùn mìíràn o: ǹjẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ pé yunifásítì ń wo òun kò ní ṣiṣẹ́ kára ju olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́dọ̀ lè béèrè èyí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Fafunwa ni àwa fẹ́ kí ó jàre.

Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́

Ohun tí a ti yí padà nínú kíláàsì wa kò pọ̀. A máa ń bo àwọn ìdáhùn mọ́lẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ka àwíjàre nìkan, kí ó fa ìlà sábẹ́ ìkádìí, kí ó sì sọ lẹ́nu ara rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀rí. Ó ń gba àkókò, àwọn kan sì máa ń ráhùn pé àwọn kò ní parí ìdánwò. Ó sàn kí wọ́n má parí ní kíláàsì, kí wọ́n lè parí ní yàrá ìdánwò.

Ní ti ṣíṣe ìbéèrè, a kì í fi ìbéèrè ránṣẹ́ mọ́ bí akẹgbẹ́ kan kò bá tíì jókòó dáhùn rẹ̀ láìrí ìwé àmì wa. Ó sàn bí akẹgbẹ́ náà bá jẹ́ ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ohun tí àwa nífẹ̀ẹ́. Olùkọ́ ìṣirò kan ni a máa ń bẹ̀ báyìí. Ó ti dá ìbéèrè mẹ́rin padà fún wa, ó sì jàre lórí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kejìdínlógún kò tán síbẹ̀. A tọ ọ̀gá ẹ̀ka lọ, a jẹ́wọ́, wọ́n sì gbà kí a tún èsì ṣe. A fún àwọn tí ó mú (b) ní máàkì wọn. A kò gba máàkì àwọn tí ó mú (d) padà, nítorí pé ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n kọ. Akẹgbẹ́ kan sọ pé èyí kò tọ́, pé ńṣe ni a ń sanwó fún àṣìṣe. Àwọn tí ó mú (a) sì wá bi wá pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn, níwọ̀n ìgbà tí àṣìṣe àwọn kò burú ju ti (d) lọ. A kò rí èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìbéèrè náà ṣì wà nínú àkójọ ìbéèrè ẹ̀ka wa, pẹ̀lú (b) gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn rẹ̀.